Ọjọ́ Tí Bàbá Ní Kí Alfa Gbé Igi Kúrò Lójú Kùránì

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa Bàbá wa, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tiẹ̀ fi kún un pé kí n yọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi kúrò níbẹ̀, torí òkú ti lọ, kò lè wá dáhùn. Mo ní ó dáa. Mo wá jókòó, mo rí i pé bí mo bá yọ ọ́ kúrò, kò sí Bàbá mọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti fìlà kan ló kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìyìn, kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọkùnrin náà jẹ́, kó fara balẹ̀ gbọ́ mi, mi ò kánjú.

Bàbá tó bí màmá mi ni. Télọ̀ ni, ọmọ Ìwó, Benin ló sì ti bí gbogbo ọmọ tó bí. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní Ekenwan Road, kò jìnnà sí bárékè, yúnífọ́ọ̀mù àwọn sójà ló sì ń rán jù. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Baba Tailor. Àwa ń pè é ní Bàbá, a kì í fi nǹkan kan kún un, àfi màmá mi. Bí inú bá ń bí màmá mi sí i, "ọkùnrin yẹn" ló máa ń pè é. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, mi ò gbọ́ kó pè é lórúkọ mìíràn mọ́.

Kì í ṣe ọ̀mùtí. Kì í lu èèyàn. Kò jẹ aṣọ oníbàárà rí. Ohun tó ń bí mi nínú sí i ni pé inú ẹ̀ ń dùn. Inú ẹ̀ ń dùn lójoojúmọ́, lójú gbogbo wa, kò sì béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá tiwa náà ń dùn.

Bó bá ti kírun àsùbáà tán ní mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà lọ tààrà. Á ṣí ilẹ̀kùn, á fọ ọwọ́, á tẹ́ aṣọ funfun sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, á gbé Kùránì lé e. Ìrépé káàkí tín-ín-rín kan, tó gé lára aṣọ sójà, ló fi ń ṣàmì ibi tó kà dé. Á yọ ọ́, á so ó mọ́ ìka ọwọ́ òsì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò ní ohùn dídùn. Ohùn ẹni tó ń bá ará ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ohùn ẹ̀. Láti ìgbà náà títí oòrùn á fi dé ẹnu ọ̀nà, ẹ lè gbé ilé lọ, Bàbá ò ní mọ̀.

Ọ̀gá sójà kan wá lọ́jọ́ kan báyìí ní ìdájí, ó ń lọ sí pàrédì, ó fẹ́ gba yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Baba, my uniform." Bàbá ń kàwé lọ. Ó tún wí. Ó wá fi bàtà gbá ilẹ̀kùn, ó ní, "Baba, you deaf?" Mo ti ń wá ibi tí màá sá gbà. Bàbá kà á títí ó fi dé ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí, ó fi káàkí ṣàmì, ó pa ìwé dé, ó gbé e lọ sórí pẹpẹ. Ó wá yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Oga, good morning. Na now I just come."

Ó ní ìsinsìnyí lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Sójà náà wò ó, ó wo àga tí Bàbá ti jókòó sí látàárọ̀, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rántí ìtàn yìí ní bárékè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ ilé wa tí kò tíì dúró níwájú àga yẹn rí, pẹ̀lú ibà lára tàbí omijé lójú, tó ń dúró de Bàbá kó dé.

Ìyá kan wà tí ilé ẹ̀ kángun sí ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ Benin, Mama Osas là ń pè é. Òun ni kíkà náà ń bí nínú jù, kò sì fi bò. Ó máa ń gbé rédíò sójú fèrèsé láàárọ̀, kó lè bo ohùn Bàbá mọ́lẹ̀. Bàbá ò gbé ohùn sókè, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sú Mama Osas, ó jáde tòun ti ìṣasùn lọ́wọ́, ó ní, "Baba, every morning, every morning. You never finish that book?"

Bàbá dúró kó parí ìlà tó wà lórí ẹ̀. Ó wá ní, "Mama Osas, I don finish am tire. Na the book never finish me."

Òun ti parí ìwé náà láìmọye ìgbà, ó ní, ìwé náà ni kò tíì parí òun. Mama Osas pòṣé, ó wọlé. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, òun ló máa ń béèrè pé ṣé ara baba yín yá.

Ó ṣòro fún mi láti sọ ti ìyá wa àgbà láìbínú. Ìyàwó Bàbá ni, ìyá tó bí màmá mi. Bó ṣe ń bó ẹ̀wà níwájú ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ kíkà náà, á máa mi orí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ojú gbogbo wa wú fún ẹkún. Ta ni mo rí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ? Káàkí lọ́wọ́, ìwé níwájú, ohùn kan náà. Màmá mi lọ dúró tì í títí ó fi pa ìwé dé.

Ó ní, "Bàbá, ṣé igi ni yín ni? Àná kọ́ la sin ìyá mi?"

Bàbá ní, "Àná ni, Rábì."

"Ẹ ò wá lè fi òní nìkan sílẹ̀ nítorí ẹ̀?"

Bàbá wo àpótí tí ìyá àgbà máa ń jókòó lé bó ẹ̀wà níwájú ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ibi tí èmi àti ẹ̀ dúró sí lánàá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kò sọ fún mi pé kí n fò ó."

Màmá mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ṣe fídáù ìyá àgbà. Ẹ wò ó, ìyẹn tiẹ̀ kéré. A ṣì jọ ń jẹun nígbà náà.

Mo dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dé o.

Ọdún tí wọ́n pín Bendel, tí tiwa di Edo, ni mo ṣègbéyàwó. Ẹni tó bá jẹ́ mùsùlùmí nílẹ̀ wa ti mọ bí wòlímọ́tì ìyàwó ṣe ń rí. Kí wọ́n tó so yìgì, wọ́n á fi aṣọ funfun wọ ìyàwó, wọ́n á mú un jókòó síwájú èrò, wọ́n á ṣí Kùránì síwájú ẹ̀ bí ẹni tó ti kà á parí. Alfa á na igi tẹ́ẹ́rẹ́ sójú ìwé, á pe ọ̀rọ̀ kan, ìyàwó á pè é tẹ̀ lé e. Alfa á pe òmíràn. Àwọn obìnrin á máa kọ wákà láàárín. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyàwó ò mọ ohun tí igi yẹn ń tọ́ka sí, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè. Nǹkan iyì ni, ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀.

Èmi náà wà lára àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Mo lọ ilé kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré, mo mọ Fátíà àti àwọn kéékèèké tó wà lẹ́yìn ìwé, lẹ́yìn náà ilé ìwé gbà mí lọ. Ṣùgbọ́n màmá mi ti lọ sọ fáwọn àna mi ní Uwasota pé ọmọ òun ti kà á parí tipẹ́. Bàbá ọkọ mi, ọmọ Ìbàdàn, tíṣà ni, ọmọ alfa sì ni. Èyí tí màmá mi wí yìí dùn mọ́ ọn nínú, ó sì ti ń sọ ọ́ kiri.

Alfa Jímọ̀ ló ń tọ́ka fún mi. A ò tíì pe ọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti ìlà iwájú. Ó wọ agbádá funfun tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán nítorí tèmi.

"Alfa," ó ní, "ẹ gbé igi yẹn kúrò lójú ìwé."

Alfa rò pé àwàdà ni. "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ."

"Bó ṣe yẹ náà ni mo wí. Ẹ gbé igi kúrò, kí ọmọ mi kà á fúnra ẹ̀."

Wákà dákẹ́. Alfa gbé igi kúrò. Mo wo ojú ìwé, ó dà bí ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú dúdú rán sára aṣọ funfun. Mi ò rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí màmá mi ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run." Bàbá ọkọ mi wúkọ́. Bàbá ń wò mí pẹ̀lú ojú tó fi ń wo aṣọ tí wọ́n bá rán wọ́. Ó dúró dáadáa, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé n ò ní lè kà á. Ó wá kọjú sí èrò.

Ó ní, "Kò tíì parí nǹkan kan. Oúnjẹ ti jinná. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Wọ́n so yìgì náà, ẹ má rò pé wọn ò so ó. Ṣùgbọ́n títí bàbá ọkọ mi fi kú, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á ní, "Alákàparí, ẹ ǹlẹ́ o," á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni mo bá gbé nínú ilé ọkọ.

Iyán ni màmá mi máa ń gún ránṣẹ́ sí Bàbá ní ọjọ́ Jímọ̀. Kò gún un mọ́. Gàrí ni Bàbá ń mu nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ẹ̀pà. A retí kó bẹ̀bẹ̀. A retí kó tiẹ̀ fajú ro. Aládùúgbò kan lọ bá a pé kó lọ bẹ ọmọ ẹ̀, ó ní, "Mo ti ka tèmi lónìí. Èyí tó bá kù, kó máa bọ̀." Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún màmá mi, ó fi ọwọ́ lérán. Ó ní, "Ì bá jẹ́ pé ọkùnrin yẹn tiẹ̀ rù díẹ̀ ni."

Ugbor lèmi àti ọkọ mi ń gbé. Ekenwan Road ò sí lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi rárá. Ìjà ló ń gbé mi gbabẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá bá Bàbá sọ, mo ti tún un tò. Mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kùtù, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀, inú ń bí mi lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà. Bàbá ń kàwé. Mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Àkókò iṣẹ́ tó, mo dìde, mo lọ. Ní ọjọ́ kejì mo tún lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Ẹ ò rí ìyà: èèyàn gbé ìjà láti Ugbor, kò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Mo mọ ibi tó ti máa mí, mo mọ ibi tí ohùn ẹ̀ ti máa ń rọ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú Kùránì kékeré kan tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó dání, mo ń fi ojú tẹ̀ lé e, kí n lè mọ ibi tó máa ti ṣì í, kí n lè fi bú u. Kò ṣì í. Ìbínú mi ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ti ń jókòó.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ikọ́ mú Bàbá láàárín ìlà, ó dúró. Ẹnu mi gba ọ̀rọ̀ tó kàn. Mo kà á dé òpin ìlà náà kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Bàbá ò wo ẹ̀yìn.

"Tẹ̀ síwájú," ó ní.

Mo ní, "Mi ò wá kàwé. Ìjà ni mo bá wá."

"Mo mọ̀. Ó pẹ́ tó o ti ń gbé e bọ̀. Sọ ọ́ kalẹ̀, ká rí i."

Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo sọ ti Uwasota, mo sọ ti "alákàparí", mo sọ ti màmá mi tó bọ́jú tó lọ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn àna. Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó wá sọ tiẹ̀, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí.

Ó ní wọ́n ṣe wòlímọ́tì fún òun náà ní Ìwó, kí òun tó wá sí Benin. Bàbá ẹ̀ ló kánjú ṣe é. Alfa ń tọ́ka, òun ń pè é tẹ̀ lé e, òun ò mọ ìkankan. Nígbà tó dé Benin, àwọn ará ilé tó ti gbọ́ ń pè é ní alfa. Bí wọ́n bá gbé ìwé fún un níbi ìsìnkú, á ní ojú ń dun òun, á ní ibà ń ṣe òun. Lẹ́yìn náà ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ bí kú, ẹ̀gbọ́n màmá mi. Gbogbo èèyàn yí ibojì ká, wọ́n gbé ìwé lé e lọ́wọ́, wọ́n ní òun ló yẹ kó kà á fún ọmọ ẹ̀.

"Mo dúró létí ibojì ọmọ mi," ó ní, "mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ jókòó láàárín àwọn ọmọdé ní ilé kéwú, tòun ti irùngbọ̀n ẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ìgbà tóun kọ́kọ́ ka ojú ìwé kan fúnra òun tán, oorun gbé òun lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oorun tí òun ò tíì sùn látìgbà tí ọmọ náà ti kú. Láti ìgbà náà lòun ò ti fi àárọ̀ kan sílẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó mi? Ẹ ì bá ti kọ́ mi."

Ó ní, "Ojú ń tì mí."

Mo ní, "Ojú ń ti ẹ̀yin, ẹ wá fi tèmi ṣe sàráà."

Kò bẹ̀ mí. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi: kò bẹ̀ mí, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Ó yí ìwé náà lórí ẹ̀rọ, kó lè kọjú sí mi, ó fi ìka lé ojú ẹ̀, ó ní, "Ibi tá a dúró sí nìyí."

Mo jókòó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó níbẹ̀, kí n tó máa lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù ní ọ́fíìsì wa, ìgbà tí ọmọ mi àkọ́kọ́ wà ní ọsibítù, ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ò kí ara wa, mo ń ka tèmi láàárọ̀, ilẹ̀ ọjọ́ náà á sì le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ayọ̀ yẹn, tí mò ń bínú sí lára ọkùnrin náà, ó wá bá èmi náà. Àwọn ọmọ mi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á ní, "Mummy, you no dey hear?" Màá pa ìwé dé, màá ní, "Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Ó ń dùn mí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló máa ń jáde lẹ́nu mi.

Ẹsẹ̀ wíwú ló pa á. Kò kú sórí Kùránì bí àwọn kan ṣe ń ròyìn. Oorun ọ̀sán ló sùn, kò jí.

Ní ọjọ́ fídáù ẹ̀, wọ́n ní èmi ni kí n kà, torí kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà tó mi. Màmá mi fà mí wọ yàrá. Ó ti darúgbó nígbà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ṣì le.

Ó ní, "Bó o bá jókòó síwájú àwọn èèyàn yẹn tó o kà á, o ti dá a láre. Wọ́n á ní, ẹ ò rí i, ohun tó ṣe yẹn ló sọ ọ́ dèèyàn."

Mo ní, "Màmá, wọ́n á sọ ọ́. Tèmi ni mo fẹ́ kà."

"Ìwọ náà ti gbàgbé."

"Mi ò gbàgbé, Màmá."

Mo jáde. Àwọn ará Uwasota wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ wákà lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, àwọn tó kù lára wọn wà níbẹ̀. Kùránì Bàbá ni wọ́n gbé síwájú mi, ìrépé káàkí ṣì wà nínú ẹ̀, níbi tó dúró sí. Alfa Jímọ̀ jókòó tì mí, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó sì na igi ẹ̀ sójú ìwé nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Mo rọra mú ẹnu igi náà, mo gbé e kúrò. Mo so káàkí mọ́ ìka. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí Bàbá dúró sí, mo sì kà á dé òpin.

Alfa Jímọ̀ nu ojú, ó wá sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé kí ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀ dárí jì í, kí ọ̀nà ẹ̀ lè fúyẹ́. Ó sọ ọ́ fún gbogbo èrò, ṣùgbọ́n gbogbo èrò yí ojú sí mi. Wọ́n ń dúró. Bàbá náà dúró báyìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, tó ń dúró de ohun tó mọ̀ pé kò sí lẹ́nu mi.

Mo fi káàkí ṣàmì, mo pa ìwé dé.

Mo ní, "Oúnjẹ ti jinná. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín, ẹni tó ń rín in fi ìborùn bo ẹnu ẹ̀, kò lè pa á mọ́ra. Màmá mi ni. Ó nu ojú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ ọkùnrin yẹn ni ẹ́," ó ní, ó sì lọ bu iyán.